Ọdún Tí Mo Ń Jowú Òkú

Láti àárọ̀ tí Àṣàkẹ́ ti pè mí lórí fóònù pé òun ń bọ̀ ní Sátidé, ẹnu mi ò tíì pa dé. Mo ti gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo ti fọ àwo tó mọ́ tẹ́lẹ̀, mo ti rẹ́rìn-ín sí adìyẹ aládùúgbò bí ẹni pé òun náà mọ Àṣàkẹ́. Ayọ̀ yìí pọ̀ débi pé bí mi ò bá wá nǹkan fọwọ́ mi ṣe, màá kàn máa fò kiri ilé ni. Ìyẹn ni mo ṣe ní kí n jókòó kọ ọ̀rọ̀ ọdún yẹn sílẹ̀, ọdún tí Àṣàkẹ́ kọ́kọ́ wá bá wa gbé ní Àbújá, nígbà tí bàámi ń ṣọ́ ìtẹ́ òkú, tí àwa sì ń gbé inú yàrá méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì ibẹ̀. Ẹ má rò pé ọdún ayọ̀ ni o. Ọdún owú ni. Mo jowú débi pé inú mi ń ta mí bí ẹni mu omi ata, èèyàn méjì ni mo sì ń jowú lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan wà láàyè, ọ̀kan ti kú.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ìlú ọmọdé ni Àbújá, pé kò sí nǹkan àtijọ́ kankan níbẹ̀. Wọn ò tíì wọ ọgbà wa ni. Ibẹ̀ ni ẹnjiníà tó ya àwọn títì àkọ́kọ́ sùn sí, oríta ọ̀nà ẹsẹ̀ méjì gan-an ni wọ́n sì sin ín sí, bí ẹni pé ó ṣì ń darí ọkọ̀. Ibẹ̀ ni Màmá Oníròyìn wà, obìnrin Ọ̀fà tí ohùn rẹ̀ máa ń jí gbogbo ilé láti inú rédíò nígbà tí àwọn òbí wa wà lọ́mọdé. Agbábọ́ọ̀lù kan wà níbẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ bọ́ọ̀lù òkúta sí ẹsẹ̀ ibojì rẹ̀. Lábẹ́ igi dogóyárò ńlá tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, Bàbá Adájọ́ ló wà níbẹ̀, adájọ́ àgbà tí wọ́n ní kò rẹ́rìn-ín rí ní kóòtù, tí máábù dúdú orí rẹ̀ máa ń dán bí abọ́ tuntun. Mo mọ gbogbo wọn ju àwọn ìbátan mi lọ. Kí n tó mọ orúkọ àwọn àbúrò màámi tán ni mo ti mọ ẹni tó sùn sí ẹ̀gbẹ́ ẹni. Mo sì mọ sáírìnì: tó bá ń ké kíkankíkan tó ń yára, mínísítà ló ń kọjá lọ, ẹ máa ṣeré yín, tó bá ń fà, tó ń rọra bọ̀, àwa ló ń bọ̀ wá bá nìyẹn. Tí màámi bá ti gbọ́ èyí tó ń fà, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ìyẹ̀fun, á sáré dé gbogbo ìkòkò orí iná, òkú ò gbọdọ̀ kọjá lórí ọbẹ̀ tó ṣí sílẹ̀. Àìmọye ẹ̀wà ló jóná nílé wa nítorí àwọn ẹni ńlá.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàámi. Nílé wọn níbẹ̀, iwájú yàrá ni wọ́n sin bàbá rẹ̀ sí, orí ibojì náà la máa ń jókòó sí tí a bá lọ fún Kérésì, ibẹ̀ la ti ń jẹun, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sá ẹ̀gẹ́, bí ẹnì kan bá sì fẹ́ rìnrìn àjò, á fẹsẹ̀ kàn án kó tó jáde. Àgbàlagbà kì í lọ sùn síta. Nítorí náà, lójú bàámi, gbogbo Yorùbá tí wọ́n sin sí ìtẹ́ òkú ìjọba, àlejò ni wọ́n, ó sì ń ṣe é bíi pé òun ni wọ́n gbé àlejò náà lé lọ́wọ́. Ní gbogbo Sátidé, tí a bá ti mu kòkó tán, a máa lọ fọ ibojì wọn, yóò sì máa kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ káàárọ̀ o, Màmá Oníròyìn. Òjò àná yẹn mà pọ̀ o." Tó bá dé ọ̀dọ̀ ẹnjiníà, á ní, "Wọ́n ti tún títì yín ṣe o, sà. Wọ́n tún ti gbẹ́ ẹ." Àwọn tí kì í ṣe Yorùbá náà, ó ń kí wọn bó ṣe mọ, sànnu lọ́tùn-ún, sànnu lósì. Tó bá wá dé ọ̀dọ̀ Bàbá Adájọ́, á ṣí fìlà. Òun nìkan ló ń ṣí fìlà fún. Bàbá Adájọ́ ni òkú àkọ́kọ́ tó bá wọn sin nígbà tó gba iṣẹ́ náà, kò tíì mọ ẹnikẹ́ni ní Àbújá nígbà náà, òun ló máa ń bá sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án títí màámi fi wá bá a.

Iṣẹ́ tèmi ni búrọ́ọ̀ṣì. Ẹlòmíràn lè gbé omi, ẹlòmíràn lè pa koríko, ṣùgbọ́n èmi ni mò ń fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré ọlọ́wọ́ pupa kan fọ ìdọ̀tí kúrò nínú lẹ́tà orúkọ wọn. Ìka ọmọdé nìkan ló lè ṣe é dáadáa, bàámi ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni mí nígbà náà, mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni ayé ṣe máa rí lọ.

Owú kì í tiẹ̀ ṣe tèmi nìkan nínú ọgbà yẹn. Ìyàwó méjì ni agbábọ́ọ̀lù yẹn ní. Ọ̀kan ń wá láàárọ̀ Sátidé, ìkejì ń wá nírọ̀lẹ́, wọn kì í pàdé. Èyí tó wá láàárọ̀ gbé òdòdó wá nínú ìkòkò amọ̀ tí àwọn obìnrin abúlé Ushafa ń mọ, èyí ìrọ̀lẹ́ dé, ó wò ó, ó bèèrè pé, "Ta ló gbé ìyẹn síbẹ̀?" Lọ́sẹ̀ kejì, ó gbé ìkòkò tó jù ú lọ wá. Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a lọ. Dànládì, tó ń bá bàámi gbẹ́ ilẹ̀, wò ó lọ́jọ́ kan, ó mi orí, ó ní, "Kai, Bàbá Mojí, àwọn obìnrin yìí máa fi ìkòkò sin ọkọ wọn lẹ́ẹ̀kejì." Bàámi ní, "Òkú ò mọ owú, alààyè ló ń bá a jẹ ẹ́." Màámi gbọ́ ọ láti ilé ìdáná, ó dáhùn, "Èmi gan-an ń jẹ tèmi. Ìwọ ọkùnrin yìí, ó dìgbà tí mo bá kú kí o tó bá mi fọ ilẹ̀ ilé ìdáná yìí?" Bàámi ní, "Ìyá Mojí, àwọn yẹn ò lè dìde fọ tiwọn ni." Màámi ní, "Èmi náà ò lè dìde. Ó rẹ̀ mí." A máa ń rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé owú á di ti èmi náà láìpẹ́.

Àṣàkẹ́ dé lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, pẹ̀lú báàgì kan àti ìgò epo pupa kan. Ọmọ àbúrò bàámi obìnrin ni, ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn, wọ́n ní kó wá máa lọ sí ilé ìwé lọ́dọ̀ wa. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti dàgbà. Kò ju oṣù díẹ̀ lọ tó fi dàgbà jù mí, ṣùgbọ́n màámi ní kí n máa pè é ní Sístà. Mo ní kò sóhun tó jọ ọ́. Ẹ wo bó ṣe kúnlẹ̀ kí bàámi, orúnkún méjèèjì wọlẹ̀ gbáà nínú ẹrọ̀fọ̀, ó ń bèèrè àlàáfíà ilé, ti ọ̀nà, ti iṣẹ́, bí ìyá arúgbó. Èmi, ọmọ Àbújá, mo kàn máa ń tẹ orúnkún díẹ̀ bí ẹni fẹ́ họ ẹsẹ̀ ni, mo máa ní "Gúdú mọ́nìn, sà." Mo gbọ́ Yorùbá dáadáa o, ṣùgbọ́n tí mo bá fẹ́ sọ ọ́, á há mi lẹ́nu bí egungun ẹja.

Sátidé àkọ́kọ́ tó bá wa jáde, bàámi kí Màmá Oníròyìn tán, ó fẹ́ kọjá, Àṣàkẹ́ dúró. Ó bèèrè pé ọmọ ibo ni wọ́n. Bàámi ní ọmọ Ọ̀fà ni. Àṣàkẹ́ bá kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì, ó la ẹnu, oríkì Olọ́fà bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde bí omi ẹ̀rọ tí wọ́n gbàgbé láti pa, ọ̀rọ̀ ìjàkadì, ọ̀rọ̀ àwọn baba tó ti lọ, kò wo ìwé, kò kólòlò. Dànládì fi ṣọ́bìrì sílẹ̀, ó ń wò ó. Mo wo ojú bàámi, ojú rẹ̀ ń dán. Ó wá sọ fún màámi nígbà tí a délé pé, "Ìyá Mojí, látìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, òní ni wọ́n kọ́kọ́ kí èèyàn dáadáa níbẹ̀." Òní. Èmi ti ń fọ lẹ́tà látìgbà tí mi ò ga ju báákẹ́ẹ̀tì lọ. Mo gbé mọ́ínmọ́ín mi ṣíwájú, mi ò lè jẹ ẹ́. Àṣàkẹ́ ní, "Mojí, ṣé n bá ẹ jẹ ẹ́?" Ó sì jẹ ẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ gbà mí.

Láti ọjọ́ yẹn ni nǹkan ti yí. Nígbà tí a bá jáde, ẹ̀gbẹ́ bàámi ni Àṣàkẹ́ ń rìn, èmi ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì mi. Àwọn tó wá wo ibojì èèyàn wọn á bèèrè pé, "Ọmọ tó ń kí òkú yẹn dà?" Kò sẹ́ni tó bèèrè ọmọ tó ń fọ lẹ́tà. Ó wá ku Bàbá Adájọ́ nìkan tí Àṣàkẹ́ ò tíì kí, torí bàámi ò mọ ìdílé rẹ̀, wọn ò sì kọ ọ́ sára òkúta ibojì náà. Inú mi dùn sí ìyẹn. Mo máa ń fọwọ́ pa máábù dúdú yẹn, mo máa ń ní, "Ìwọ ni tèmi," ọjọ́ kejì ni n ó tún máa bínú sí i nítorí fìlà bàámi.

Lọ́sẹ̀ kan, ìyàwó Bàbá Adájọ́ pe bàámi lórí fóònù. Bàámi fi sí ohùn gbangba, gbogbo wa gbọ́. Ó ní ọmọkùnrin òun ti dé láti òkè òkun, ó sì ń yọ òun lẹ́nu. Ọmọ náà ní bàbá òun ò lè máa sùn láàrin àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, kí wọ́n hú u, kí wọ́n gbé e lọ sílé ní ìlú rẹ̀. "Mò ń bọ̀ ní Sátidé," Màmá Adájọ́ sọ, "mo fẹ́ fojú ara mi rí bó ṣe ń gbé níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni n ó mọ èyí tí n ó ṣe." Bàámi ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Màámi gbé oúnjẹ náà síwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó ní, "Ẹ jẹun, òkú ò tíì ṣí." Bàámi ní, "Tí wọ́n bá gbé Adájọ́ lọ, ta ni n ó máa bá sọ̀rọ̀?" Màámi ní, "Ṣé èmi àga ni?" Ṣùgbọ́n mo rí i pé àánú bàámi ṣe é.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, bàámi pe Màmá Adájọ́ padà láti bèèrè ìdílé ọkọ rẹ̀, kí Àṣàkẹ́ lè fi oríkì rẹ̀ pàdé wọn. Bó ṣe ń gbé fóònù sílẹ̀ báyìí, sáírìnì èyí tó ń fà ti wọ géètì. Ó pariwo sí mi, "Mojí, sáré lọ sọ fún Àṣàkẹ́, ọmọ Oníkòyí ni Bàbá Adájọ́. Ìdílé jagunjagun. Kó lọ múra sílẹ̀." Mo sáré. Láti géètì dé ẹ̀yìnkùlé wa kò jìnnà, ṣùgbọ́n kí n tó débẹ̀ ẹsẹ̀ mi ti ń falẹ̀. Mo ń rí i lójú mi: Àṣàkẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, Màmá Adájọ́ ń sunkún ayọ̀, bàámi ń ṣí fìlà fún Àṣàkẹ́ àti òkú pọ̀. Mo bá a níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Ó ní, "Kí ni wọ́n wí?" Mo ní, "Wọ́n ní ọmọ Olọ́fà ni." Olọ́fà nìkan ni mo mọ̀, torí mo ti gbọ́ ọ lórí ibojì Màmá Oníròyìn. Ó ní, "Háà, ìyẹn rọrùn." Ó tún ní, "Wá jókòó, n ó kọ́ ẹ ní ìlà méjì, ká lè jọ kí i." Mo ní mo fẹ́ lọ fa omi. Ẹ ò rí nǹkan. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ń fa omi, gbogbo dúrọ́ọ̀mù kún, màámi ní kí ló ṣe mí.

Wọ́n dé ní Sátidé. Màmá Adájọ́ wọ aṣọ funfun, ó rí bẹ́lẹ́ńjẹ́, ọ̀pá lọ́wọ́, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí ń jẹ́ Ọlá ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú awò dúdú lójú, ó ń fi bàtà rẹ̀ yẹra fún koríko. Bàámi ti wọ ẹ̀wù tó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. A ti fọ òkúta náà títí a fi ń rí ara wa nínú rẹ̀. Àṣàkẹ́ kúnlẹ̀, ó gbé ohùn sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí ọmọ Olọ́fà. Kò tíì ju ìlà mẹ́ta lọ tí mo ti rí i tí ọ̀pá Màmá Adájọ́ dúró sójú kan.

Ó ní, "Ẹ dúró ná. Ta ni wọ́n ń kí?"

Bàámi ní, "Bàbá Adájọ́ ni, mà."

"Ta ló sọ fún yín pé ọmọ Olọ́fà ni ọkọ mi? Ṣebí ẹnu mi lẹ ti gbọ́ Oníkòyí."

Ọlá yọ awò ojú rẹ̀. Ó fi imú sọ ọ́, bí àwọn tó ti pẹ́ lókè òkun ṣe máa ń sọ ọ́, "Màmá, mo sọ fún yín. Wọn ò mọ̀ ọ́n."

Màmá Adájọ́ ní, "Òótọ́ ni. Ẹni tí wọ́n bá ń fi oríkì ẹlòmíràn kí, àlejò ni níbẹ̀." Kò tiẹ̀ pariwo. Ohùn rẹ̀ kàn rẹlẹ̀ ni, mo sì rí i tí èjìká bàámi wálẹ̀ bí àpò tí wọ́n da àgbàdo inú rẹ̀ nù. Ó yíjú sí Àṣàkẹ́. Àṣàkẹ́ yíjú sí mi. Ó wò mí, kò pẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ń ka lẹ́tà kan ṣoṣo, mo sì mọ̀ pé ó ti mọ̀. Ó dojú kọlẹ̀, ó ní, "Ẹ forí jì mí, mà. Èmi ni mo ṣì í mú."

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, torí mo ti dàgbà báyìí, inú mi sì dùn jù láti purọ́. Kì í ṣe ìwà rere ló jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Owú ni. Mo wò ó lórí ìkúnlẹ̀ rẹ̀, ó ń gba ẹ̀bi mi, mo ní kí ló dé, ṣé kódà ìwà ló tún fẹ́ fi jù mí? Kò ní ṣẹlẹ̀. Mo jáde síwájú, búrọ́ọ̀ṣì ṣì wà lọ́wọ́ mi.

"Kì í ṣe òun, mà. Èmi ni. Bàámi ní Oníkòyí, èmi ni mo lọ purọ́ fún un pé Olọ́fà."

Màmá Adájọ́ wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Ìwọ. Kí ni mo fi ṣe ẹ́?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan, mà. Mo ń jowú ni."

"Ta lò ń jowú?"

"Sístà mi." Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo pè é bẹ́ẹ̀ nìyẹn. "Àti ọkọ yín."

Bàámi ní, "Mojí," ṣùgbọ́n ìyá náà gbé ọwọ́ sókè, ó ní kí n máa sọ ọ́. Yorùbá mi tó máa ń há wá tú jáde, bó ṣe wù ú, tòun ti ekún. Mo ní bàámi máa ń ṣí fìlà fún ọkọ yín, wọn ò ṣí fìlà fún mi rí. Mo ní tí mo bá gba rísọ́ọ̀tì nílé ìwé, bàámi máa kọ́kọ́ gbé e wá ka fún Bàbá Adájọ́ kí wọ́n tó fi han màámi, tí mo bá sì fèèlì ìṣirò, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti máa ń ròyìn mi. Mo ní aláǹgbá olórí pupa kan wà tó máa ń yá oòrùn lórí òkúta yìí, bàámi ò jẹ́ kí n lé e, wọ́n ní àlejò Bàbá Adájọ́ ni, ṣùgbọ́n tí èmi bá mú ọ̀rẹ́ wá sílé, wọ́n á ní kó máa lọ. Mo ní èmi ni mò ń fọ orúkọ Bàbá Adájọ́ ní gbogbo Sátidé, lẹ́tà tó kẹ́yìn ló máa ń dọ̀tí jù, kò sì sẹ́ni tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n kàn ń kí òkú ṣáá.

Èjìká Màmá Adájọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, mo rò pé ó ń sunkún, àṣé ẹ̀rín ni, ẹ̀rín náà pọ̀ débi pé ó ní láti jókòó. Orí òkúta náà ló jókòó sí, bí a ṣe máa ń jókòó ní Ògbómọ̀ṣọ́.

"Ọlá, ìwọ gbọ́ bí? Ọmọ yìí ń bá bàbá ẹ du bàbá rẹ̀." Ó fi etí aṣọ nu ojú. "Ta ní ń jowú àlejò? Àlejò á lọ lọ́la. Ará ilé làá jowú." Ó na ọ̀pá sí igi dogóyárò náà, sí ọgbà náà lódindi. "Ẹ jẹ́ kó máa sùn. Ó ti nílé."

Ọlá fẹ́ sọ̀rọ̀, ìyá rẹ̀ ní kó lọ bá òun gba omi mímu wá lọ́wọ́ ìyá Mojí. Ó wá ní kí Àṣàkẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àṣàkẹ́ ò tiẹ̀ mí, ó yí ohùn padà bí ẹni pààrọ̀ aṣọ, ó wọ inú oríkì Oníkòyí. Màmá Adájọ́ fi ọ̀pá fà mí mọ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní kí n máa tẹ̀ lé e. Gbogbo ọ̀rọ̀ ni mo ṣe léṣe. Ìyá náà ń tún un ṣe fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bàámi ò nà mí. Ó gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi, ó gbé e fún Àṣàkẹ́ títí tí òjò fi dáwọ́ dúró lọ́dún yẹn, mo sì ń gbé omi tẹ̀ lé wọn bí ẹrú. Ìyẹn dùn mí ju ẹgba lọ. Màámi ń bu ọbẹ̀, ó ní, "Owú tó wà nílé yìí, bí mo bá lè fi sebẹ̀, a ò ní ra ata mọ́." Nígbà tí ilé ìwé parí sáà, mo gbé rísọ́ọ̀tì mi fún bàámi. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ṣí fìlà. Lẹ́yìn náà ló gbé e lọ ka fún Bàbá Adájọ́.

Bàámi ti fẹ̀yìn tì báyìí, ẹlòmíràn ló ń ṣọ́ géètì, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń jẹ́ kí a wọlé ní Sátidé, búrọ́ọ̀ṣì náà sì ń bẹ lọ́wọ́ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irun rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Láàárọ̀ yìí, kí Àṣàkẹ́ tó pa fóònù, ó ní, "Mojí, ní Sátidé yìí o, èmi ni n ó fọ orúkọ Bàbá Adájọ́." Mo ní, "Ẹ máa bọ̀ ná, Sístà mi." Mo rẹ́rìn-ín, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ mú búrọ́ọ̀ṣì náà níbi tó wà, mo jù ú sínú ìkòkò Ushafa tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo sì dé e.